Kámẹ́rà Inú Fìlà

Ògiri ló ń bá Ẹnu-Kan àti Kọ̀ǹpútà jíṣẹ́ fún ara wọn. Yàrá kan náà ni wọ́n ń lò ní àgọ́ ọlọ́pàá, àga wọn kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í ti ẹnu ọ̀kan bọ́ sí etí èkejì, àfi tó bá kọ́kọ́ kọjá lára ògiri.

Ẹnu-Kan ni àgbà. Sájẹ́ǹtì ni, irun rẹ̀ ti funfun, kò sì ní pẹ́ mọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé ohun tó bá sọ láàárọ̀ náà ni yóò sọ lálẹ́, kí òjò rọ̀, kí ọ̀dá dá. Kọ̀ǹpútà kéré sí i púpọ̀. Òun ló ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ inú àgọ́: kámẹ́rà tó ń ṣọ́ títì, ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó bá ń sáré kọjá, àti kámẹ́rà kékeré tí ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan ń so mọ́ àyà kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́.

Láràárọ̀, Ẹnu-Kan á kọjú sí ògiri, á ní, "Ògiri, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó jókòó sídìí wáyà yẹn pé mo wá gba agogo ọrùn ewúrẹ́ mi."

Kọ̀ǹpútà á gbé kámẹ́rà náà lé tábìlì. "Ògiri, bá mi kí ẹ̀gbọ́n. Sọ fún wọn pé orí ẹ̀ ló ń wà lókè o."

Àwọn ọlọ́pàá yòókù á fọwọ́ bo ẹnu, torí gbogbo wọn ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ orí yẹn ti wá. Lọ́jọ́ tí kámẹ́rà àyà kọ́kọ́ dé, Kọ̀ǹpútà kó wọn jọ sí yàrá ńlá láti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa lò ó. Ẹnu-Kan so tirẹ̀ mọ́ àyà, ó dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lóyè, kò mọ̀ pé òun ti so ó dorí kodò. Kọ̀ǹpútà tàn án sára ògiri kí gbogbo wọn lè rí ohun tí kámẹ́rà ń rí. Bí Màdámù, ọ̀gá àgọ́ wọn, ṣe yọ nìyẹn, tó fẹsẹ̀ kọ́ àjà, tí orí rẹ̀ ń fì nísàlẹ̀. Ẹ̀rín sọ. Màdámù pàápàá rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rín ò jẹ́ kó ronú ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé àdán ni wọ́n ti bí yín ni?"

Ẹnu-Kan tú kámẹ́rà náà, ó gbé e lé tábìlì, ó jáde, kò sì padà wọlé. Kò gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tó yá, ó ń yọjú wo bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe tiwọn: wọ́n á tẹ ibí, iná pupa á tàn, wọ́n á jáde. Òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó tẹ́ Ẹnu-Kan lọ́rùn kó ṣìnà ju kó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó pè é lọ́mọ àdán.

Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni ìjà inú ilé. Àwọn ọlọ́pàá kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dé ẹnu ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ni wọ́n á kọ́kọ́ nà. Ẹnu-Kan á kàn án jẹ́ẹ́, á kí ará ilé, á jókòó bí wọ́n bá ní kó jókòó. Bó bá bá àgbàlagbà nínú ilé, á ṣí fìlà. Nígbà tí kámẹ́rà dé, ó fi kún un fúnra rẹ̀: bó bá ṣí fìlà tán, á tú kámẹ́rà láyà, á da ojú rẹ̀ dé sínú fìlà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó gbé ojú tí kì í ṣẹ́jú wọ yàrá oníyàrá kò yàtọ̀ sí ẹni tó gun fèrèsé wọlé. Òfin ní kó má tú u. Ẹnu-Kan mọ òfin. Ó kàn rò pé ẹni tó ṣòfin náà kò ní ìyá nílé ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, aládùúgbò kan pe àgọ́ pé òun ń gbọ́ igbe nílé Ìyá Aránṣọ. Opó ni Ìyá Aránṣọ, arúgbó tó ń ránṣọ nínú pálọ̀ rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń gbé. Awakọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọ náà, torí ọkọ̀ akẹ́rù ló ti ń wà láti kékeré. Ẹnu-Kan àti ọlọ́pàá kan ni wọ́n rán lọ. Òpópónà ibẹ̀ há, ìyẹn bá dúró ti mọ́tò, Ẹnu-Kan nìkan ló gòkè. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àtẹ̀gùn ni, omi ọṣẹ ṣì ń dán lórí rẹ̀. Ó di ògiri mú gòkè bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Pálọ̀ náà kéré. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, èérún aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi fọ́n ká ilẹ̀, fáànù onírin kan sì wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, tó ń ké wùù bí ẹni pé ó fẹ́ fò lọ. Pẹ̀lú gbogbo ooru yẹn, aṣọ alápá gígùn ló wà lọ́rùn Ìyá, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ta ló ránṣẹ́ pè ẹ́?"

"Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá, Mà."

"Ẹsẹ̀ rẹ gbọ́n o. Àwọn ẹbí mi ò mọ ilé yìí mọ́." Ó tẹjú mọ́ àyà rẹ̀. "Kí ni nǹkan tó ń wò mí yẹn?"

"Kámẹ́rà ìjọba ni."

"Sọ fún un kó wo ibòmíràn. Mi ò ní sọ ìtìjú mi fún irin."

Ẹnu-Kan ṣí fìlà. Ó tú kámẹ́rà, ó da ojú rẹ̀ dé sínú fìlà náà, ó gbé e sí etí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ó ti sùn, Ìyá. Ó ku èmi àti ẹ̀yin àti Ẹlẹ́dàá."

Ìyá wo fìlà náà títí, bí ẹni tó ń wò ó bóyá yóò mí. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ojú ìka èèyàn wà lára rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, àwọn kan dúdú, àwọn kan ti ń di àwọ̀ ewé gbígbẹ.

"Ọmọ mi ni," ni Ìyá wí.

Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú okùn aṣọ tí wọ́n rán burúkú. Kámẹ́rà ojú títì ti ya ọmọ náà léraléra pé ó ń sáré àsápajúdé, ìjọba sì gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti jókòó sílé. Ó kọ́kọ́ ń bínú sí abọ́, ó ń fọ́ wọn. Ó bínú sí ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, abọ́ tán nílẹ̀, ìbínú ò tán.

"Bó bá ti ṣe mí báyìí tán, á bú sẹ́kún, á pọnmi, á lọ máa fọ àtẹ̀gùn. O ò rí bí àtẹ̀gùn ilé mi ṣe mọ́? Àwọn aládùúgbò ń sọ pé ọmọ mi mọ ìtọ́jú." Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kò dé ojú rẹ̀, ló bá sunkún. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ tí mo bí ń fọwọ́ kàn mí, ibo ni mo fẹ́ gbà kọjá? Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá yìí. Ṣe ìlérí fún mi."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí ìjọba..."

"Ìlérí ni mo ní kí o ṣe."

Ẹnu-Kan ronú. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun ní kí òun mú ọmọ náà. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá mú un lónìí, Ìyá yóò sọ níwájú adájọ́ pé ilẹ̀kùn ló gbá òun lọ́wọ́. "Kò ní jáde," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ bíi bàbá sí ọmọ."

Ọmọ náà ló wọlé yẹn, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan, báàkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kan, àkísà lọ́wọ́ kejì. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ni ọlọ́pàá ń wá nílé mi?"

"Ilé ìyá rẹ ni," ni Ẹnu-Kan dáhùn, ó dìde. "Jókòó ká sọ̀rọ̀."

"Kámẹ́rà yín gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ tún wá gba ìyá mi?"

"Mi ò gba nǹkan kan. Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ni. Ọwọ́ tí ìyá rẹ fi gbé ọ jó, ṣé òun lo wá fún báyìí bí aṣọ tútù?"

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó rí apá aṣọ tó wà ní kíká. Nǹkan kan wó lójú rẹ̀. Ó ju báàkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó yí padà, ó sáré jáde.

"Omi wà lórí àtẹ̀gùn yẹn!" ni Ìyá pariwo. "Mo ní kí o nù ún!"

Gbàgà! Ó ti yọ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tí Ẹnu-Kan fi dé ìdí àtẹ̀gùn, apá ọmọ náà ti kán, ó ń kérora bí akọ màlúù. Ọlọ́pàá tó wà nínú mọ́tò ló gbé e lọ sí ọsibítù.

Kò pẹ́ tí wọ́n di apá rẹ̀ tán tí ó fi wá sí àgọ́. Ó ní ọlọ́pàá kan wọ ilé àwọn, ó fi fìlà bo kámẹ́rà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, ó na òun, ó sì ti òun lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Nígbà tó jẹ́ èmi lẹ fẹ́ mú, kámẹ́rà yín ní ojú bí ẹyẹ idì. Nígbà tó kan ọlọ́pàá yín, kámẹ́rà sùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ gbogbo èèyàn létí. Ẹnu-Kan gan-an, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un, ó mi orí. Irọ́ ni ọmọ náà ń pa, ṣùgbọ́n irọ́ náà ní eegun nínú.

Màdámù pè é. "Bàbá, mo wo fídíò yín. Mo rí àtẹ̀gùn, mo rí ilẹ̀kùn, mo rí Ìyá lórí àga. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn. Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn?"

"Mi ò na ẹnikẹ́ni, Màdámù."

"Kí lẹ̀ ń ṣe nígbà náà?"

"Mò ń gbọ́rọ̀ ni."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀."

Màdámù mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́, Bàbá. Ẹ tú kámẹ́rà, apá èèyàn kán, ẹ ò sì fẹ́ sọ ìdí. Mo ránṣẹ́ sí Ìyá náà, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ohun tí mo gbọ́ yìí bá jẹ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní, wọ́n á lé yín lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹ sì ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì yẹn, orúkọ ẹni tó fi fìlà bojú kámẹ́rà kó lè na ọmọ opó lẹ máa gbé lọ sílé. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ ẹ?"

"Mi ò fẹ́ ẹ, Mà."

"Ẹ wá sọ̀rọ̀!"

Ẹnu-Kan wolẹ̀. Màdámù ní kó lọ sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Kọ̀ǹpútà wá bá a nílé. Ẹnu-Kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lórí okùn. Bó ṣe rí ẹni tó ń bọ̀, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá wọn, àlejò rẹ dé o. Bi í bóyá wáyà ilé wa ló fẹ́ wá kà."

"Èmi kì í ṣe ògiri o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Jókòó, àbúrò mi. Má dá bàbá arúgbó yìí lóhùn."

Kọ̀ǹpútà ò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé yẹn."

"Ìyá wọn, bi í pé ta ló sọ fún un."

"Kámẹ́rà yín ni. Tí ojú ẹ̀ bá dí, etí ẹ̀ ò dí. Gbogbo ìgbà tó wà nínú fìlà yẹn, ó ń gbọ́. Fáànù ló kọ́kọ́ bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, wùù nìkan là ń gbọ́. Ṣùgbọ́n a ní ẹ̀rọ kan tó ń ya ariwo kúrò lára ohùn, bí ẹni ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ọkà. Mo fẹ́ ẹ, mo fẹ́ ẹ, ohùn jáde. Ẹ ò na ọmọ yẹn. Ó hàn gbangba pé òun ló yọ̀ ṣubú, ìyá ẹ̀ gan-an pariwo pé omi wà nílẹ̀. Ẹ ti bọ́, ẹ̀gbọ́n!"

Ìyàwó Ẹnu-Kan da aṣọ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọpẹ́ o! Ọpẹ́ o!"

Ẹnu-Kan kò wo ìyàwó rẹ̀, kò sì wo ògiri. Ojú Kọ̀ǹpútà ló tẹjú mọ́, èyí tí kò ṣe láti ọjọ́ àdán.

"Gbogbo ẹ̀ lo gbọ́?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Títí kan ohun tí Ìyá sọ?"

Kọ̀ǹpútà rẹ ohùn sílẹ̀. "Títí kan ẹkún wọn, Sà."

"Pa á rẹ́."

"Ọwọ́ mi ò tó ibi tó wà mọ́. Tó bá sì tó o pàápàá, mi ò ní pa á rẹ́. Bí ìgbìmọ̀ bá bi mí bóyá ohùn wà níbẹ̀, mi ò lè purọ́." Ó yí padà láti lọ. "Mo sọ ọ̀rọ̀ etí yẹn lọ́jọ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti jáde ni."

Bí Kọ̀ǹpútà ṣe lọ tán, ìyàwó Ẹnu-Kan wá jókòó tì í.

"Ta lẹ̀ ń bò láṣìírí gan-an, Bàbá wọn? Ṣé ìyá ni, àbí ọmọ tó ń nà á?"

"Ìyá ló ní kí n ṣe ìlérí."

"Mo gbọ́. Bí wọ́n bá lé yín lọ, tí ọmọ yẹn padà sílé pẹ̀lú apá tó ti jinná, ta ni yóò tún gun àtẹ̀gùn yẹn?"

"Mo ti sọ ọ́, kò ní jáde. Ẹnu kan ni mo ní."

"Ẹnu kan kẹ̀! Ẹ ní ó ku ẹ̀yin àti òun àti Ẹlẹ́dàá. Irin ń gbọ́. Ọmọ wáyà ti gbọ́. Ẹnu yín ti di méjì látọjọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀."

Wọ́n ti bú Ẹnu-Kan rí lóríṣiríṣi, kò sí èyí tó gún un tó èyí. Ó jókòó síbẹ̀ títí aṣọ orí okùn fi tán. Ó ti ń bá Kọ̀ǹpútà ṣọ̀tá látọjọ́ àdán, ó rò pé Kọ̀ǹpútà lòun ń jẹ níyà. Àṣé Ìyá Aránṣọ ló ń jìyà ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé òun dúró gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn tán, òun ì bá ti mọ ohun tí òun gbé sínú fìlà.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ ilé, ó lọ. Ìyá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń fi ọwọ́ tó sàn ti aṣọ síwájú. Ọmọ rẹ̀ kò sí nílé.

"Ìyá, mo purọ́ fún yín," ni Ẹnu-Kan wí kó tó jókòó. "Mo ní ó ti sùn. Kò sùn. Ó gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Fìlà rẹ ní etí?"

"Ó ní etí, Mà. Èmi ni mi ò mọ̀."

"Ta ló ti gbọ́ ọ?"

"Ọmọkùnrin kan tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Bí ìgbìmọ̀ bá sì ní kí wọ́n tàn án, gbogbo wọn ló máa gbọ́ ọ."

Ojú Ìyá le koko. "O wá bẹ̀ mí pé kí n gbà kí wọ́n tàn án, kí o lè bọ́."

"Rárá. Ọwọ́ mi kọ́ ló wà, ọwọ́ yín náà kọ́. Mo wá sọ fún yín ni, kó má jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn lẹ ti máa gbọ́ ọ."

"Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ mi ni yẹn, Mà."

"Jáde nílé mi," ni Ìyá wí. Kò pariwo. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹnu-Kan rí i, bó ti ń fa ilẹ̀kùn dé, pé kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ ìgbìmọ̀ pé. Yàrá ńlá tí àwọn ọlọ́pàá ti fi Ẹnu-Kan rẹ́rìn-ín ni wọ́n lò. Màdámù jókòó láàárín àwọn ọ̀gá méjì tó ti òkè wá. Awakọ̀ jókòó lápá kan, apá rẹ̀ wà nínú ìdè funfun, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í, apá aṣọ rẹ̀ gùn dé ọwọ́. Ọmọ náà tún ẹjọ́ rẹ̀ rò, ó rò ó dáadáa, ó tiẹ̀ nu ojú. Wọ́n bi Ẹnu-Kan. Ó ní òun ò na ẹnikẹ́ni. Ó ní òun tú kámẹ́rà, òun sì jẹ̀bi ìyẹn. Ìyókù, ó panu mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà kọjú sí Kọ̀ǹpútà. "Ǹjẹ́ kò sí ohùn kankan nínú òkùnkùn yẹn?"

Kọ̀ǹpútà wo Ẹnu-Kan. Ẹnu-Kan wo ògiri.

"Ohùn wà, Sà."

"Tàn án."

Awakọ̀ dìde díẹ̀ lórí àga, ó tún jókòó. Bí Kọ̀ǹpútà ṣe na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, Ìyá Aránṣọ dìde.

"Ẹ má tàn án."

"Ìyá, ẹ jókòó," ni Màdámù wí pẹ̀lẹ́.

"Mi ò ní jókòó. Ohun tó wà níbẹ̀, ohùn mi ni. Mo sunkún nínú ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí irin máa bá mi sunkún níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ni mo fẹ́ kó sọ ọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí rẹ. Mo ní bóyá ó máa dé ibi kan tí wàá ní ó tó. Sọ ọ́."

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Ìyá dúró, ó dúró títí, ojú sì ń ti àwọn tó ń wò ó. Nígbà tó rí i pé ọmọ náà ò ní sọ ọ́, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ọmọ mi ló ṣe mí báyìí. Ọkùnrin yìí wá, ó ṣí fìlà fún mi, ó gbọ́ mi. Mo ní kó má sọ ọ́, kò sọ ọ́, títí ẹ fi fẹ́ lé e lẹ́nu iṣẹ́. Kò fọwọ́ kan ọmọ mi. Omi tí ọmọ mi fi ń fọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn ló gbé e ṣubú." Ó nu ojú. "Mo ń bo ọmọ tèmi, mo wá ń tú ọmọ ẹlòmíràn síhòòhò. Ìyẹn ò dáa."

Awakọ̀ ń sunkún báyìí, ẹkún gidi, kò yàtọ̀ sí èyí tó máa ń sun kó tó lọ pọnmi. Ìyá rẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò ọmọ náà níwájú gbogbo wọn, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé jáde, ó so ó mọ́ etí aṣọ ara rẹ̀.

"Tí apá rẹ bá jinná, wá kí mi. Wàá kànkùn."

Wọ́n mú ọmọ náà lọ sí yàrá kejì láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Wọ́n dá Ẹnu-Kan láre lórí ọ̀rọ̀ nínà. Lórí ọ̀rọ̀ fìlà, Màdámù fún un ní ìwé ìkìlọ̀, ó sì ní kó padà lọ gba ẹ̀kọ́ kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀, òun àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá onírun funfun jókòó sí àga iwájú láàárín àwọn ọmọdé, tí Kọ̀ǹpútà ń kọ́ wọn. Ó kọjú sí ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n kò dìde. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní, "Ògiri, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi. Ẹ tún sọ fún un pé mi ò tíì gbàgbé àdán o."

"Ògiri," ni Kọ̀ǹpútà dáhùn, "sọ fún ẹ̀gbọ́n pé mo gbọ́, mo sì tọrọ àforíjì."

Ẹnu-Kan dúró díẹ̀ bí ẹni tí ògiri ṣì ń bá sọ̀rọ̀, ó jáde.

Láti ìgbà náà, bó bá dé ẹnu ilẹ̀kùn èèyàn, á kànkùn jẹ́ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, á ṣí fìlà, ṣùgbọ́n á fi kámẹ́rà sílẹ̀ níbi tó wà. Á ní, "Mo kí yín o. Àwa méjì la wọlé. Èyí tó wà láyà mi yìí ń rí, ó sì ń gbọ́. Kì í gbàgbé, ó sì lè sọ fún ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ẹ mọ èyí kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀." Lẹ́yìn náà á dúró.

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á juwọ́ sí kámẹ́rà. Àwọn kan á tìtorí rẹ̀ sọ ẹjọ́ wọn bí ẹni tó ń ka ìwé. Àwọn kan á gbé ọ̀rọ̀ mì. Bàbá kan wà tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé kan, àwọn aládùúgbò ní àwọn ń gbọ́ nǹkan níbẹ̀. Bí Ẹnu-Kan ṣe sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, bàbá náà wo àyà rẹ̀, ó de bọ́tìnnì ọrùn aṣọ rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi," ló wí. "Ẹyẹ ló gbá fèrèsé." Kò sí ohun tí Ẹnu-Kan lè ṣe. Ó dé fìlà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, inú rẹ̀ ò sì dùn títí tó fi dé àgọ́.

Lọ́jọ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́, ó wọ aṣọ ilé, ó padà lọ kànkùn níbẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Kámẹ́rà ò bá mi wá lónìí. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ṣì ni mí o. Bí mo bá gbọ́ ohun tó yẹ kí n ṣe nǹkan sí, mi ò ní lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mi ò tún ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn."

Bàbá náà wo àyà rẹ̀. Bọ́tìnnì nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wo òpópónà lọ sókè, ó wò ó lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó gbé àga kan, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì gbé e sí iwájú tirẹ̀.